Ìyá Kantíkantí

Ọ̀ọ́dúnrún kantíkantí ló wà nínú ìgò tí Sàídátù fi sáàárín itan nínú kẹ̀kẹ́. Bí kẹ̀kẹ́ náà ti ń jáde nínú kòtò kan tó ń bọ́ sí òmíràn, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì di ìgò náà mú bí ẹni tó gbé ẹyin. Ó ti fi òwú dí ẹnu rẹ̀, ó sì fi aṣọ dúdú wé e kí oòrùn má baà pa àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ kẹrìnlá rèé tó ti ń sìn wọ́n. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti rà ló ń fún wọn jẹ, ó ń bu yíìsì díẹ̀ sí i, kó sì tó bọ́jú láàárọ̀, ó ti lọ wò wọ́n, láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ìdin tín-tìn-tín títí wọ́n fi hu ìyẹ́. Ẹni tó bá rí i á ní obìnrin yìí mà láàánú ohun ọ̀sìn o. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àánú ló wà níkùn Sàídátù. Ẹ̀san ló wà níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀.

Ilé búrẹ́dì Alájì Dàwódù ló ń lọ, lẹ́yìn ojú irin ní Agége, láàárín ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ike àti èyí tó ń ṣe ọṣẹ. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi po ìyẹ̀fun níbẹ̀. Láyé ìgbà náà, bí ó bá ti ki ọwọ́ bọ ìyẹ̀fun lẹ́ẹ̀kan, á sọ fún ọ bóyá omi ló kù tàbí iyọ̀ ló pọ̀, kò sì ní í ṣì í. Ọwọ́ yẹn kan náà ni Dàwódù fi ìtìjú gé.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, lóṣù karùn-ún ọdún 2018, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà kan ra búrẹ́dì, ó bá kantíkantí mẹ́ta nínú ọ̀rá, ó ya fídíò rẹ̀, kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́, gbogbo Agége ti rí i. Dàwódù pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ sí àgbàlá. Oyún Uswat ọmọ rẹ̀, oṣù méje, wà nínú Sàídátù nígbà náà, máńgòrò sì ni oyún náà ń bèèrè lójoojúmọ́. Ẹnu géètì ló ti máa ń jẹ ẹ́, kì í mú un wọlé. Ṣùgbọ́n Dàwódù tọ́ka sí ikùn rẹ̀ lójú gbogbo ayé, ó ní, “Mo ti sọ fún yín tipẹ́, ẹ má kó èso wọ ilé mi. Oyún kò ní kéèyàn ya ọ̀bùn.” Ó wá gbé tíréè búrẹ́dì tí wọ́n ti dá padà lé e lórí, ó ní kó fi yí àgbàlá po lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ bó ti ń yí. Fọ́tò yẹn dé orí fóònù gbogbo oníbúrẹ́dì láti Agége dé Ìkẹjà, ìdí nìyẹn tí ẹnì kankan kò fi gbà á síṣẹ́ mọ́. “Ẹ wo Ìyá Kantíkantí,” ni Alájì wí lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn tán, orúkọ náà kò tán. Ní báyìí, Uswat ti ń lọ sílé-ìwé, Ọmọ Kantíkantí sì ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é.

Ohun kan wà tí Sàídátù kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò dá a lójú pé òun kò jẹ̀bi. Ó lè jẹ́ pé èèpo máńgòrò kan lẹ̀ mọ́ aṣọ òun wọlé lọ́jọ́ kan. Ó lè jẹ́ pé òun gbàgbé ọwọ́ ní fífọ̀. Fídíò náà wà lórí fóònù rẹ̀, ẹnìkan ló fi ránṣẹ́ sí i láti fi bú u, kò pa á rẹ́, kò sì wò ó rí. Iyèméjì yẹn ló ń mú kí ìbínú rẹ̀ máa gbóná sí i, nítorí ẹni tó bá mọ̀ dájú pé òun kò ṣe nǹkan, ó ṣì lè rí oorun sùn.

Iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ló bọ́ sí lẹ́yìn ìyẹn, nílé Baba Olúgbénró lẹ́yìn Allen ní Ìkẹjà. Baba náà ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni nípa kòkòrò kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì rí ẹni bá sọ ọ́ mọ́, ló bá kúkú ń sọ ọ́ fún Sàídátù tó ń gbálẹ̀. Òun ló kọ́ ọ pé agboolé ńlá ni eṣinṣin. Eṣinṣin ilé, ìrù tó ń mu ẹ̀jẹ̀ màlúù, ẹ̀fọn pàápàá, ẹbí ni gbogbo wọn, ìyẹ́ méjì péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn fi ń fò, nígbà tí oyin àti labalábá ní mẹ́rin. Àwọn wẹ́wẹ́ tí à ń pa pọ̀ pè ní kantíkantí wà nínú agboolé yẹn, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Olójú pupa wà, èso tó ti rà, ẹmu àti yíìsì ni tirẹ̀. Onírun wà, tó ń gbé ẹnu ihò balùwẹ̀. Abuké sì wà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ. Bí o bá fẹ́ pa abuké, kì í tètè fò, sísá ló máa ń sá. Kò sì bìkítà fún èso. Ohun tó bá ń jẹrà lábẹ́ ilẹ̀ ló ń tọ̀. Baba a máa fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní, “Bí o bá fẹ́ lé àlejò lọ, kọ́kọ́ mọ ilé tó ti wá.” Bí Sàídátù ṣe di ẹni tí àwọn ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì ń pè wá lé kòkòrò nìyẹn.

Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Odindi ọdún kan ni Sàídátù fi ń fi káàdì iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́nu géètì Dàwódù, orúkọ iṣẹ́ nìkan ló wà lára rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù. Ó mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Job tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ níbẹ̀ pè é, ó ní kantíkantí ti ń yọ wọ́n lẹ́nu, àwọn wolé-wolé láti ọ̀dọ̀ ìjọba sì máa wá wo ilé náà kí wọ́n tó tún ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣe, ṣé màdáàmù lè bá wọn lé e láàárọ̀ ọjọ́ náà. Màdáàmù ní òun á wá. Ọjọ́ náà gan-an ló lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Aago mọ́kànlá ti kọjá díẹ̀ nígbà tó dé. Ó ti wọ aṣọ iṣẹ́ tó bo gbogbo ara, ó fi ìbòjú bo imú àti ẹnu, fìlà bo irun, ojú rẹ̀ nìkan ló kù síta. Job mú un wọlé. Bí òórùn búrẹ́dì gbígbóná ti lù ú nímú, omijé fẹ́ bọ́, inú sì bí i sí i nítorí omijé náà. Dàwódù kọjá nítòsí wọn, ó ti hewú, ó ti tóbi sí i. Ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní kí màdáàmù ṣe kíá, aago méjì ni àwọn àlejò òun ń bọ̀. Ó dá a lóhùn pé ó ti yé òun, Alájì. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìgò nínú àpò ní gbogbo ìgbà tó ń sọ ọ́.

Ètò rẹ̀ kò le. Bí àwọn wolé-wolé bá ti wọ yàrá tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun, tí wọ́n sì ti ń fi ọ̀rá di búrẹ́dì, á yọ òwú ẹnu ìgò. Ọ̀ọ́dúnrún olójú pupa á bò wọ́n. Wọ́n á ti ilé náà pa, fídíò rẹ̀ á lọ láti Agége dé Ìkẹjà, òun á sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan máa wò ó, bí wọ́n ṣe wo òun.

Ọmọbìnrin kan ló ń po ìyẹ̀fun níbi tí òun ti máa ń dúró. Hassanat lorúkọ rẹ̀, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ, oyún sì ti yọ lára rẹ̀ dáadáa. Báàgì rẹ̀ wà lórí ìkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ọsàn méjì yọrí níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Sàídátù tìyẹ̀fun-tìyẹ̀fun, ó sì lọ bu omi tútù wá fún un láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an. Sàídátù kò lè mu ún nítorí ìbòjú. Ó gbé e kalẹ̀, ó dúpẹ́, ó yíjú síbòmíràn.

Kó má baà jọ pé kò ṣiṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn kantíkantí tó wà nílẹ̀. Ọ̀kan bà sórí ọ̀rá búrẹ́dì. Ó na ìka sí i. Kò fò. Ó sáré gba eteetí ọ̀rá náà, ó dúró, ó tún sáré. Sàídátù fi ìgò kékeré kan bò ó, ó mú awò Baba Olúgbénró jáde, ó wò ó. Ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ.

Lẹ́yìn náà ló jáde sí ẹ̀yìn ilé, ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun tó ti ṣófo, ó mú fóònù rẹ̀, ó wá fídíò náà kàn. Ọdún méje, kò wò ó rí. Ó tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ oníbàárà náà ló kọ́kọ́ yọ, tó ń já ọ̀rá, tó ń bú ìyá ẹni tó ṣe búrẹ́dì. Kantíkantí méjì ti kú. Ẹ̀kẹta ń bẹ láàyè, ó ń sáré lórí èèpo búrẹ́dì, ó ń dúró, ó ń sáré. Sàídátù wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin. Àyà rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ó ní láti di ògiri mú. Abuké ni. Kò kan máńgòrò. Kò kan òun rárá.

Àyà tó fúyẹ́ yẹn kò pẹ́ kó tó tún wúwo, nítorí bí kì í bá ṣe òun, ta ni? Ó bẹ Job kó fún un ní ọ̀rá búrẹ́dì mẹ́wàá, èyí tí orúkọ Dàwódù wà lára rẹ̀. Ó fi òróró pa inú wọn, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ gbogbo ojú ibi tó sán nílẹ̀ yàrá ìpòyẹ̀fun. Bí ó ti máa ń ṣe é nìyẹn: ohun tó bá ń tilẹ̀ bọ̀, inú òróró ni yóò bọ́ sí. Lẹ́yìn wákàtí kan, mẹ́sàn-án mọ́ tónítóní. Ìkẹwàá, tó wà ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ ìpòyẹ̀fun, dúdú fún abuké.

Ó ní kí Job bá òun gbé àpò ìyẹ̀fun tó wà níbẹ̀ kúrò. Lábẹ́ rẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì kan wà tí wọ́n fi lẹ ilẹ̀, ó fẹ̀ tó tíréè búrẹ́dì. Ẹ sáà mọ àwọn bíríkìlà wa, wọn kì í fi ojú sìmẹ́ǹtì tútù sílẹ̀ lásán. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ti fi ìka kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ọjọ́ sí i: AFEEZ, 9-5-18.

Job ní òun kò mọ Afeez, òun kò tíì débẹ̀ nígbà náà. Ohun tí òun mọ̀ ni pé pọ́lọ́mbà kan tó wá lọ́dún tó kọjá sọ pé páìpù tó gbé omi ìdọ̀tí gba abẹ́ ibẹ̀ ti fọ́ tipẹ́, pé kí wọ́n hú u, Alájì sì ní òun mọ̀, òun ti fi sìmẹ́ǹtì dí i látijọ́, ó ṣì dára.

Òun mọ̀. Sàídátù ka ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún. Ọjọ́ kejìlá ni Dàwódù gbé tíréè lé òun lórí. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ló ti pe bíríkìlà wá dí ihò, ó ti mọ ibi tí kantíkantí ń gbà wọlé, ó ṣì dúró lójú àgbàlá ó tọ́ka sí ikùn aboyún. Ooru gun orí rẹ̀. Ó fẹ́ lọ bá a lọ́fíìsì kó fi òòlù là á lórí, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Òòlù náà ló kúkú tọrọ lọ́wọ́ Job, pẹ̀lú irin ṣóńṣó kan, ó ní iṣẹ́ ni òun fẹ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n kò jáwọ́ nínú ètò ìgò rẹ̀. Ó rò ó pé ìgò ló máa yá jù, ìgò ló máa pariwo jù.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni àwọn wolé-wolé dé, ọkùnrin kan àti ọ̀gá rẹ̀, Ìyáàfin Adérìnsọ́lá, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í rẹ́rìn-ín. Dàwódù ló ṣíwájú wọn, ó ń fi ọwọ́ hàn wọ́n tọ̀tún-tòsì. Àwọn òṣìṣẹ́ tò sára ògiri. Sàídátù dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ìka rẹ̀ kan òwú ẹnu ìgò.

Kó tó fà á ni Ìyáàfin Adérìnsọ́lá dúró. Kantíkantí mẹ́ta ń sáré lórí ọ̀rá búrẹ́dì níwájú rẹ̀. Ó fi bírò tọ́ka sí wọn.

“Alájì, kí lèyí?”

Dàwódù kò tilẹ̀ ronú. Ó wo òkè wo ilẹ̀, ojú rẹ̀ balẹ̀ sórí báàgì tó wà lórí ìkọ́, ó rí ọsàn, ó yíjú sí Hassanat, ó na ìka sí ikùn rẹ̀.

“Mo ti sọ fún yín tipẹ́, ẹ má kó èso wọ ilé mi. Oyún kò ní kéèyàn ya ọ̀bùn.”

Ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀ níbẹ̀. Hassanat bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ nu ara aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń nu ún, ó ń nu ún. Sàídátù mọ nínù yẹn. Bí ọwọ́ tirẹ̀ náà ṣe ṣe lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ó sì yé e lójú ẹsẹ̀ pé bí òun bá tú ìgò yìí, olójú pupa ni yóò jáde, èso ni olójú pupa ń tọ̀, orí ọmọbìnrin yìí ni gbogbo rẹ̀ yóò sì já lé. Dàwódù á kàn gbé tíréè mìíràn ni. Ó fi òwú sílẹ̀, ó mú òòlù.

“Kì í ṣe èso,” ni ó wí.

Ó kọjá láàárín wọn, ó lọ sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó gbé irin lé orí sìmẹ́ǹtì. Dàwódù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí wọ́n mú obìnrin yẹn jáde. Job kò mira. Ìgbà kẹta tí òòlù balẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì là, òórùn kan jáde tó mú kí ọkùnrin wolé-wolé fi ọwọ́ bomú. Omi ìyẹ̀fun ọdún méje ló ti di ẹrẹ̀ dúdú sábẹ́ ibẹ̀, tí ìdin ń yí nínú rẹ̀. Abuké tú jáde, wọ́n ń sáré lórí ilẹ̀, lórí bàtà Alájì, lórí aṣọ funfun rẹ̀. Sàídátù gbé èyí tó tóbi jù nínú àfọ́kù sìmẹ́ǹtì náà fún Ìyáàfin Adérìnsọ́lá, ó ka orúkọ àti ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ sókè, ketekete. Ó wá ṣí fídíò inú fóònù rẹ̀, ó ní kí wọ́n wo ọjọ́ tiẹ̀ náà.

Dàwódù ń mí gùlegùle. “Ta ni ìwọ obìnrin yìí?”

Ó yọ ìbòjú. “Sàídátù ni.”

“Sàídátù wo?”

Ó wo ojú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń díbọ́n. Kò díbọ́n. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọdún mẹ́sàn-án tó fi po ìyẹ̀fun fún ọkùnrin yìí ti nù lórí rẹ̀ bí omi tí a dà sílẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ló kù tí yóò fi mọ òun, òun náà ló sì ní láti fi ẹnu ara òun pè é.

“Ìyá Kantíkantí.”

Ìgbà náà ni ó mọ̀ ọ́n. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sí ikùn Sàídátù, àfi bí ẹni pé oyún náà ṣì wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. Sàídátù gbé tíréè búrẹ́dì kan, ó rọra gbé e kalẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Dàwódù ń wo tíréè náà, kò gbé e, kò sì lè gbójú kúrò lára rẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ sì ń wò ó. Ó dùn mọ́ Sàídátù. Ẹni tó bá ní ẹ̀san kò dùn, kò tíì jẹ ẹ́ rí.

Ìyáàfin Adérìnsọ́lá bi í ní orúkọ rẹ̀ kó lè kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ló fi ihò hàn wọ́n. Ó pè é lẹ́yọ lẹ́yọ, Sàídátù Àjọkẹ́ Ọlátúnjí, ó dúró títí obìnrin náà fi kọ ọ́ tán, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun rí i. Inú ìwé ìjọba ni orúkọ rẹ̀ wà báyìí. Ó rò pé òun á sọ ọ́ fún Uswat bó bá ti ilé-ìwé dé. Wọ́n lẹ pépà pupa mọ́ géètì, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ sílé títí wọn yóò fi gbọ́ nǹkan mìíràn. Kò sí ẹni tó sọ ìgbà tí ìyẹn yóò jẹ́.

Ó jáde pẹ̀lú wọn. Ìgò rẹ̀ ṣì wà nínú àpò, ó ń gbọ́ bí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti ń kùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Níta, àwọn tó wá ra búrẹ́dì tà ti kún ẹnu géètì pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo wọn, fídíò kan, láti ìgbà tí Alájì ti na ìka sí aboyún títí dé ìgbà tí orúkọ náà jáde lẹ́nu Sàídátù, sì ti ń kọjá láti orí fóònù dé orí fóònù, ọwọ́ ẹni tó yà á kò tíì gbẹ. Àwọn kan ń bú, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Sàídátù gbé orí sókè. Ọjọ́ kan nínú ọdún méje ni, ó yẹ kó gbádùn rẹ̀ tẹ́rùn.

Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ kan tó ti wo fídíò náà tán ló kígbe láti inú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. “Ìyá Kantíkantí!”

Sàídátù yíjú kíá, ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ dáhùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ọkùnrin náà ń wò. Hassanat tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni, tó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ tí orúkọ ilé búrẹ́dì wà láyà rẹ̀, tó fi báàgì ọsàn bo ikùn. Hassanat náà ti yíjú.